Àga Kan ní Roncavera

Roncavera, lẹ́bàá Treviso
17 Oṣù Kẹta, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru. Báwo ni orúnkún yín? Tinúkẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín ní etí òsì náà ti di pátápátá báyìí, pé bí mo bá pè, ohùn mi ń dún sí yín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́tà bí ẹ ṣe wí. Èmi á kọ tèmi sórí fóònù, Tinúkẹ́ á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ̀yin ẹ fi ọwọ́ kọ tiyín, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ràn láti máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, ọwọ́ tíṣà.

Adédùntán ìyàwó mi kí yín. Ó ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ẹ̀yìn ń dùn ún. Victory ti ga jù mí lọ. Mo bá a sọ Yorùbá, ó fi Italian dá mi lóhùn, mo bínú títí ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín lé lórí. Ẹ rántí ìjà tí a jà ní fabbrica, níbi tí a ti ń ṣe ẹsẹ̀ àga, nígbà tí eruku igi fẹ́ pa wá tí ọ̀gá kọ̀ láti tún ẹ̀rọ tó ń fà á ṣe. Èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ ní kí n ṣe agbẹnusọ, àti òyìnbó àti dúdú. A daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì tún un ṣe. Látìgbà náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Martina, olùkọ́ bíi yín, ti ń wá mi wá. Ó fẹ́ du ipò sindaca, ìyẹn olórí ìlú. Ó ní kí n wá bá òun du àga nínú consiglio, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú kékeré yìí. Kò sí ènìyàn dúdú tó jókòó níbẹ̀ rí.

Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra òṣèlú nítorí ohun tí ojú Bùọ̀dá Olújùwọ́n rí. Ṣùgbọ́n níbí, wọn kì í yìnbọn, wọn kì í jó ilé. Bí wọ́n bá kórìíra rẹ, wọ́n á fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún ọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ wí?

Ọmọ yín,
Àbáyọ̀mí


Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́
2 Oṣù Kẹrin, 2024

Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo kí ọmọ tó ń fi èdè òyìnbó dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Ẹ̀bi ta ni? Èmi kọ́ ni mo tọ́ ọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, n kò fèsì kíákíá nítorí inú ń bí mi. O ní o mọ ohun tí ojú Olújùwọ́n rí. O ò mọ̀ ọ́n. O kéré. Àbúrò mi ni kansẹ́lọ̀ àkọ́kọ́ tí àdúgbò yìí yàn nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ wa sílẹ̀. Èjìká ni wọ́n gbé e lé dé ilé ní ọjọ́ tó wọlé. Ọdún kejì, àwọn tó gbé e léjìká náà ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kò gbà kí wọ́n gbẹ́ kànga tó yẹ kó wà ní ẹ̀yìn ọjà sínú ọgbà alága. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi wọ́ dé sàréè. Nígbà tí wọ́n ń lù ú, kò sí ẹni tó dá wọn lẹ́kun.

O ní tiyín kì í yìnbọn. Ó dáa. Ẹni tó máa fi ẹ̀rín pa ọ́ kò nílò ìbọn.

Síbẹ̀ n kò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ náà ti dàgbà, irun rẹ ti ń funfun nínú fọ́tò. Lọ. Ọlọ́run yóò ṣáájú rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o nawọ́ sókè, kọ́kọ́ bèèrè orí ẹni tí ọwọ́ náà máa sọ̀ lé.

Ìyá rẹ


Roncavera
16 Oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi,

Ẹ bá wa yọ̀. Mo wọlé. Martina wọlé, èmi náà wọlé. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn, wọn ò lè pè é dáadáa, mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Adédùntán sunkún débi pé gèlè rẹ̀ bọ́.

Láàárọ̀ Sunday yìí, pásítọ̀ wa ní Padova pè mí síwájú, gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí mi. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wàháùsì kò tíì sùn, síbẹ̀ wọ́n wá. Obìnrin kan tó ń dirun ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè dì mọ́ mi, ó ní, "Bùọ̀dá, a ti ní ẹnìkan níbẹ̀."

Ó tún yẹ kí n sọ èyí tí kò dùn. Ní ọjọ́ kejì ìbò, ẹnìkan ti fi ìṣó kọ nǹkan sára ọkọ̀ mi. N kò ní kọ ọ́ síbí. Bàbá àgbàlagbà kan sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Lorenzo, ti ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn àlejò. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire. Ẹ kíyèsára o, wọ́n lè gbé yín sórí tábìlì bí òdòdó." Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá èébú ni àbí ìmọ̀ràn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi: iná ojú ọ̀nà lẹ́bàá afárá, tó ti kú tipẹ́. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Àbáyọ̀mí


Ògbómọ̀ṣọ́
20 Oṣù Kẹjọ, 2024

Àlàó,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mo fi "ẹ" kí ọ torí pé ọ̀gá ni ọ́ báyìí, má bínú.

Tinúkẹ́ ti fi fọ́tò rẹ han gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí o jókòó sídìí gbohùngbohùn. Ìyá Ọnórébù ni wọ́n ń pè mí. Alága ẹgbẹ́ àwa ìyá ní kí n bá wọn bẹ̀ ọ́ kí o mú ilé-iṣẹ́ wá sílé. Ọmọ Bíọ́lá fẹ́ físà. Mo dá gbogbo wọn lóhùn pé mo ti gbọ́. Etí dídi wúlò nígbà mìíràn.

Ẹyọ kan ni èmi fúnra mi fẹ́. Ìyábọ̀ aládùúgbò wa, ẹni tó ń pọn omi fún mi nígbà tí orúnkún yìí kọ́kọ́ dá mi jókòó, ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní Italy yẹn. Olúwadùnsìn. O mọ̀ ọ́n ní kékeré, òun ló ń gun igi máńgòrò wa. Ó ti wà ní Novara, ó tún lọ sí Padova, ní báyìí ó máa ń pẹ́ kó tó pe ìyá rẹ̀, tó bá sì pè, á ní nǹkan ń lọ dáadáa. Ìyábọ̀ ní ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí nǹkan ń lọ dáadáa fún. Bá mi wá a. Òun nìkan ló bí.

Ìyá rẹ


Roncavera
13 Oṣù Kẹwàá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú àìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn pé consigliere, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, kì í ṣe ọnórébù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ṣì ń wọ fabbrica, ẹsẹ̀ àga ni mo ṣì ń gé. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń ṣèpàdé. Gọ́tà ni à ń sọ, àti bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé.

Mo ti rí Dùnsìn. Màmá, kò jìnnà sí mi rárá. Ìlú tiwa níbí ló wà, nínú ilé-iṣẹ́ àga kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn afárá. Òun àti àwọn mìíràn ló ń sùn níbẹ̀, ará Gambia, ará Mali, ọmọ Benin. Kò sí iná, kò sí omi. Ó ṣiṣẹ́ ní wàháùsì ní Padova títí wọ́n fi dá a dúró, lẹ́yìn náà permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Láìsí àdírẹ́sì, wọn kò ní fún un ní ìwé. Láìsí ìwé, kò sí ẹni tó máa fún un nílé. Ó ń já èso àjàrà fún àgbẹ̀ kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá Yọ̀mí, ẹ má sọ fún màmá mi pé ibí ni mo wà." Mo mú un wálé, ó wẹ̀, ó jẹun, ó bá Victory ṣeré. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́. Ilẹ̀ ṣú, mo sìn ín padà.

Ẹ sọ fún Ìyá Dùnsìn pé mo ti rí i, ara rẹ̀ le. Ẹ fi ìyókù pamọ́.

Àbáyọ̀mí


Ògbómọ̀ṣọ́
5 Oṣù Kọkànlá, 2024

Àlàó,

Mo jíṣẹ́ fún Ìyábọ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú títì, ó ń súre fún ọ, mo ní kó dìde. Ó gbọ́ pé ọmọ òun ti rí ẹbí. Ohun tó gbọ́ nìyẹn. Èmi ni mo mọ ìyókù, ó sì ń dùn mí nínú.

Mo ka gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ ní àkàtúnkà: "Ilẹ̀ ṣú, mo sìn ín padà." O sìn ín padà sí ibo, Àbáyọ̀mí? Inú ilé tí kò ní iná? Ṣé o ò ní pálọ̀ ni? Nígbà tí o wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀, ta ló gbà ọ́ sílé? Ẹni tí a kò bá tan rárá. Orí ẹní kan náà ni ìwọ àti ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ṣé ìwọ kọ́ lo ń buwọ́ lùwé níbẹ̀ ni? Buwọ́ lu tirẹ̀. Mú un wọlé kí òtútù yẹn tó dé.

Ìyá rẹ


Roncavera
15 Oṣù Kejìlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ìmúra ọdún. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Èmi kọ́ ni mò ń buwọ́ lùwé. Kò sí ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ìgbélùú nínú ìgbìmọ̀ wa, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ti pálọ̀ mi, mo bá Adédùntán sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tí kò ní ìwé, tí a bá bá a nílé consigliere, ìwé ìròyìn á gbé e, ohun gbogbo tí mo ti ṣe á bàjẹ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn ará àdúgbò ẹ̀yìn afárá kọ̀wé ẹ̀sùn nípa ilé-iṣẹ́ tí Dùnsìn wà yẹn. Wọ́n ní àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ń dáná, wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ àdúgbò. Ọ̀rọ̀ dé ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ṣe sgombero, ìyẹn kí ọlọ́pàá kó wọn jáde kí wọ́n sì ti ilé náà pa. Martina pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àbáyọ̀mí, tí ìwọ bá gbe àbá yìí lẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa pè é ní ìkórìíra. Mo ṣèlérí, a máa kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n máa sùn." Mo gbà á gbọ́. Mo dìde, mo ní ibẹ̀ kò yẹ ènìyàn, ó léwu, kí a kó wọn lọ síbi tó dára. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A dìbò, mo nawọ́. Lorenzo ń wò mí, òun náà nawọ́.

Lẹ́yìn ọdún ni wọ́n máa ṣe é, nígbà tí wọ́n bá ti rí àyè fún wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Kí tiyín náà balẹ̀.

Àbáyọ̀mí


Ògbómọ̀ṣọ́
14 Oṣù Kìíní, 2025

Àlàó,

A kú ọdún. Ọdún á yabo.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Ìlérí Martina ni o fi nawọ́, àbí ibùsùn tí o fi ojú ara rẹ rí? Ìyábọ̀ ní òun pe nọ́ńbà Dùnsìn lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, òtútù mú ohùn rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò wọlé mọ́. Fèsì kíákíá.

Ìyá rẹ


Ògbómọ̀ṣọ́
31 Oṣù Kìíní, 2025

Àbáyọ̀mí,

Tinúkẹ́ ní àmì wà lórí fóònù tó fi hàn pé o ti ka lẹ́tà mi. O kà á, o ò fèsì. Aya rẹ náà kò gbé ìpè.

Ìyábọ̀ ń wá síbí láràárọ̀. Kì í bèèrè nǹkan kan mọ́. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú mi. Kí ni kí n máa ṣe fún un? N kò lè máa díbọ́n pé etí mi di sí i.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá burú, sọ ọ́. Èmi ni mo bí ọ.


Roncavera
9 Oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Kí Tinúkẹ́ jókòó tì yín kí ẹ tó kà á.

Dùnsìn ti kú.

Wọn kò dúró de ibùsùn kankan. Lẹ́yìn ọdún tuntun, láàárọ̀ tí yìnyín bo ilẹ̀, ọlọ́pàá dé, wọ́n kó wọn jáde, wọ́n fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà. Mo wà ní ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Nígbà tí mo pe Martina, ó ní àṣẹ wá láti òkè, ó ní òun náà banú jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dùnsìn tẹ aago ilé wa. Ó ní, "Bùọ̀dá Yọ̀mí, wọ́n ti lé wa o." Ó gbé àpò kan lọ́wọ́. Mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Padova, sí ilé tí àwọn aláìnílé ń sùn. Mo já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo padà, nítorí ìpàdé wà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé wọ́n sọ fún un pé ibẹ̀ ti kún. Kò pè mí. N kò mọ ìdí tí kò fi pè mí. Ó wá ọ̀nà padà sí Roncavera, nítorí ibẹ̀ ló mọ̀. Òun àti ará Gambia kan wọ inú ahéré kan tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ oko sí. Wọ́n fi èédú dáná sínú agolo, wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́ òtútù. Èéfín yẹn ló pa wọ́n lójú oorun. Àgbẹ̀ tó ni ahéré ló rí wọn. Nọ́ńbà mi ni àwọn ọlọ́pàá rí nínú fóònù Dùnsìn, èmi ni wọ́n pè wá dá ojú rẹ̀ mọ̀.

Màmá, ojú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó jọ ẹni tó ń sùn.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kọ̀wé. Ẹ má tíì sọ fún Ìyá Dùnsìn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe máa ṣe òkú náà. Mo ti pinnu láti kọ̀wé fi àga náà sílẹ̀. N kò lè jókòó lórí rẹ̀ mọ́.

Àbáyọ̀mí


Ògbómọ̀ṣọ́
3 Oṣù Kẹta, 2025

Àbáyọ̀mí,

Mo ti sọ fún un. O ní kí n má sọ. Ìwọ ò sí níbí láti máa wo ojú rẹ̀.

Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́. Kò pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, ó ń sọ èyí tó dára nù, ó ń kó èyí tí kòkòrò ti jẹ sínú abọ́. Ó ní, "Ìyá Yọ̀mí, ta ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà yẹn?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀?" O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Èmi náà ń bi ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló tó ké. Etí mi tó di yìí, mo gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n má gbé pósí wá fún òun. Ó ní òun kò lè rí i. Ó ní kí o wá ilẹ̀ fún un níbẹ̀, ilẹ̀ gidi tó ní orúkọ, nítorí ìwọ ni èèyàn wọn. Ohun tó sọ nìyẹn, n kò fi kún un.

Ọ̀rọ̀ àga tí o fẹ́ fi sílẹ̀, má dán an wò. O fẹ́ dìde kí ẹnikẹ́ni má baà bi ọ́ ní nǹkan mọ́. Bí o bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò dárúkọ ọmọ yẹn lójú wọn? Bó bá ń gbóná, jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tí o fẹ́ gùn ún, o gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. N kò tíì pàṣẹ pé kí o sọ̀.

Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Ìyá Ọnórébù mọ́. Ìyẹn tù mí lára.

Ìyá rẹ


Roncavera
11 Oṣù Karùn-ún, 2025

Màmá mi,

N kò sọ̀ kalẹ̀. Iná ọkọ̀ wà ní títàn, mo ń wo aago. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ jẹ́jẹ́, mo lọ. Ẹ sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda òkú. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ ilẹ̀ kan ní ibi ìsìnkú ìlú, kí a sì kọ orúkọ Olúwadùnsìn sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, pé ìgbìmọ̀ yìí ló ní kí wọ́n lé e jáde, àti pé ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ tó gòkè. Martina ní, "Àbáyọ̀mí, ó dùn wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe olùgbé ìlú wa. Kò gbé níbí."

Mo ní, "Ó kú níbí."

Lorenzo ló sọ̀rọ̀, bàbá tí n kò retí. Ó ní kí wọ́n dìbò. Gbogbo wọn nawọ́ fún ilẹ̀ sàréè, ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tún àti ti òsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí a ṣí ilé-ìwé àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìnílé kí òtútù mìíràn tó dé, ọwọ́ mi nìkan ló lọ sókè. Lorenzo ń wo tábìlì. Ní ọjọ́ kejì, Martina ránṣẹ́ pé kò sí àyè fún mi nínú lista, orúkọ àwọn tí òun ń fà kalẹ̀, mọ́ nígbà ìbò tó ń bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní mo ti ba orúkọ wa jẹ́ lójú àwọn òyìnbó. Àwọn kan kì í kí mi nítorí Dùnsìn. Irú ènìyàn méjèèjì yìí jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. N kò tíì kúrò lórí àga náà.

A sin ín lánàá. Òjò ń pa wá. Pásítọ̀ wa, Adédùntán, Victory, obìnrin onídìrí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan tí wọ́n jọ sùn ní ilé-iṣẹ́ yẹn tí wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn igi títí àwọn ọlọ́pàá fi kọjá. A kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni, oòrùn máa ń bà á ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Dùnsìn pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ inú ìgbìmọ̀ yẹn, mo ti bèèrè iná ojú ọ̀nà, mo ti bèèrè bọ́ọ̀sì, mo ti bèèrè ilé fún àwọn aláìnílé. Ilẹ̀ tí a sin ọmọ rẹ̀ sí nìkan ni ohun tí gbogbo wọn jọ nawọ́ fún.

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ má fo ibì kankan.

Àbáyọ̀mí